Ìjókòó Ẹ̀yìn Jẹnẹrétọ̀

Ohùn àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa fi ṣe orin, ohùn ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta ni. Mo gbà á sórí téèpù ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an. Ogún ìṣísẹ̀ ni mo fi jìnnà sí ẹnu ẹ̀rọ náà, mo sì fi áńkáṣíìfù bo máìkì kí afẹ́fẹ́ má bàa máa hó nínú rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Old Market, mo gé ibi tó dùn jù nínú téèpù náà, gígùn rẹ̀ tó ìbú ìka mẹ́rìnlá, mo lẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpin rẹ̀, ó di òrùka. Bí òrùka náà ti ń yí, òkúta kan náà ń fọ́, ó tún ń fọ́, kò dẹ́kun, kò rẹ̀ ẹ́: gbàrà-kù, gbàrà-kù. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ ọ. Oníbàárà kan tó wá gba rédíò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé bó ṣe bàjẹ́ nìyẹn, àbí o ti tún un ṣe tán?"

Nǹkan bí ọdún 1987 ni mò ń sọ, nígbà tí Lọ́kọ́ja ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún rédíò àti téèpù ṣe. Kò sí ọ̀gá kankan tó kọ́ mi. Rédíò bàbá mi ni mo kọ́kọ́ tú, wọ́n nà mí dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo tú u, ó sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo nǹkan sí: ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́, kí ló ṣe é, báwo ni mo ṣe mọ̀. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí mi ò mọ ìdí rẹ̀, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi.

Àwa mẹ́ta la dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Yàgbà, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni ní ilé-iṣẹ́ irin ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n ti rán an lọ sí òkè òkun fún ẹ̀kọ́ rí. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó bàtà àti kóòtù wálé, kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà lòun kó wálé. Ó ní níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi ariwo ilé-iṣẹ́ ṣe orin: wọ́n ń gba ohùn hámà, ohùn mọ́tò, ohùn páìpù, wọ́n ń tò ó jọ bí ẹni ń to bíríkì. Ó tan ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà fún mi, mi ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo ìyókù. Ẹnì kẹta wa jẹ́ wẹ́dà, ọmọ Ẹ̀bìrà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àdúgbò Gadumo. Òun kò bìkítà fún òkè òkun. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ni àwọn aládùúgbò ti ń bú òun nítorí ariwo, inú òun dùn pé àwọn kan ti wá ń pe ariwo náà ní orin.

Ohun èlò wa kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni rẹ́kọ́dà ńlá kan tó ń lo iná, èyí tí téèpù rẹ̀ máa ń yí láti orí kẹ̀kẹ́ kékeré kan bọ́ sórí èkejì. Ó ti kú nígbà tó dé ọwọ́ mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jí i, kò sì sí ohun tí mo ṣe láyé mi tí mo fi yangàn tó o. Èkejì ni àpótí ohùn mẹ́rin tí mo fi tànsísítọ̀ inú rédíò àlòkù kàn. Òkúta rédíò, ìyẹn bátìrì, ni wọ́n ń lò, mẹ́rin mẹ́rin fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá yí bọ́tìnnì iwájú wọn, ohùn wọn á gbéra láti ibi kíkùn màlúù títí dé ibi igbe yànmùyánmú. Ẹ̀kẹta ni irin lóríṣiríṣi tí wẹ́dà ń lù, pẹ̀lú ẹ̀rọ fáìlì rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń yún ojú irin kó lè dán. Nígbà tó bá gbé ẹ̀rọ náà lé irin, iná á máa tàn yẹ́ríyẹ́rí, ariwo rẹ̀ á gba gbogbo ara.

Akọrin wa ìgbà náà jẹ́ tíṣà. Mo ń pè é ní akọrin, ṣùgbọ́n kì í kọrin. Páálí tí ó ká bí fọ́nẹ́ẹ̀lì ló máa ń fi sẹ́nu, á wá máa pariwo ohun tí wọ́n kọ sára àpò ajílẹ̀: ìwọ̀n tó yẹ ká bù, ibi tó yẹ ká tọ́jú rẹ̀ sí, pé kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Ó dára gan-an nídìí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá láti Old Market sí àdúgbò Crusher, níbi tí ilé ọ̀gá wa wà, láti gbọ́ ọ ní ọ̀sán Sátidé. Àfi ìgbà tí ìjọba gbé tíṣà lọ sí Ìlọrin.

Nígbà tó kù bí oṣù kan àti ààbọ̀ kí a lọ ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan nílùú, ọ̀gá wa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó ní, "Mo ti rí ẹni tó máa kọrin."

Mo bi í pé, "Ta ni?"

"Taípíìsì kan ni. Mo lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì wọn. Ó ń tẹ taípùráítà, ó ń kọrin, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, orin kò dúró. Mo gbàgbé ìwé tí mo wá gbà."

"Obìnrin?"

"Obìnrin ni. Kí ló burú nínú ìyẹn?"

Nígbà tí taípíìsì náà wọlé wá bá wa ní Sátidé àkọ́kọ́, ó kí wa pé, "Ọkun o," bí àwọn ará Yàgbà àti Búnú ti ń kí ara wọn, ó sì dúró títí gbogbo wa fi dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan wẹ́dà tí kì í ṣe ará ibẹ̀. Ọmọ Búnú ni. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó wo òkìtì irin tó wà nílẹ̀, ó wo téèpù tó ń yí lórí tábìlì, ó wo wẹ́dà tó wọ awò dúdú.

Wẹ́dà ní, "Àǹtí ọ́fíìsì, ẹ má bẹ̀rù, a kì í jẹ èèyàn."

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀rù ò bà mí. Mò ń wá ibi tí mo máa jókòó sí ni."

Iná ìjọba wà lọ́jọ́ náà. Mo tan òrùka òkúta, ọ̀gá fi àpótí ohùn méjì sí abẹ́ rẹ̀, wẹ́dà ń lu páìpù. Obìnrin náà gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó wá la ẹnu. Kò pariwo. Ó kọ orin kan ní èdè Búnú, orin tí àwọn obìnrin ilé wọn máa ń kọ nídìí òfì, ohùn rẹ̀ sì rọra gba àárín gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yẹn kọjá bí ẹni ń gba àárín agbo màlúù kọjá láìsáré. Mo ti gbọ́ òrùka òkúta yẹn ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ní ohùn tirẹ̀, pé bí òkúta ti ń fọ́, ohùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ṣe é kọ. Obìnrin yẹn ló bá wa wá a rí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: "Òkúta ní ohùn. Wádìí."

Sátidé kejì, kò sí iná. A tan jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá, tó máa ń wà lẹ́yìn ògiri, a sì bẹ̀rẹ̀ orin kan náà. Ó kọ́kọ́ dára. Nígbà tó dé àárín, ibi tí wẹ́dà ti ń gbé ẹ̀rọ fáìlì lé irin, orin náà bàjẹ́ lójijì. Ohùn obìnrin náà ti ga ju ti téèpù lọ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí eyín kan èèyàn. A dúró, a tún un bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló tún ti bàjẹ́.

Ọ̀gá ní, "Sísí, ò ń sá gòkè."

Ó dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò kúrò níbi tí mo wà. Ilẹ̀ ló ń sún."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Èrò mi ni pé èèyàn lè ṣàṣìṣe, ara rẹ̀ lè má yá, ó lè máa ronú nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n téèpù? Téèpù kò ní ìrònú. Ohun tí mo bá lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, òun náà ló máa sọ.

Sátidé kẹta, iná wà, ó kọrin bí oyin. Sátidé kẹrin, kò sí iná, ó tún bàjẹ́. Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ kí nǹkan dúró ní ojú kan. Ó ní, "Sísí, ohùn rẹ dára. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ó wà, ọ̀sẹ̀ kejì kò sí, mi ò lè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ lọ síwájú èèyàn. Bí Sátidé tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, mo máa ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Kàbbà, kó wá máa ka àpò ajílẹ̀ bíi ti tíṣà."

Obìnrin náà mú báàgì rẹ̀, ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Ní Mọ́ńdè, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ó gbé rédíò wá.

Ó ní, "Bọ̀dá onírédíò, ṣé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń wo etí?"

"Etí ta ni?"

"Tèmi ni."

Mo fún un ní àpótí kan kó jókòó. Ó wá ṣàlàyé. Ọdún mẹ́ta ló fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn kí ọ̀gá akọrin tó ní kó lọ máa jókòó sáàárín ìjọ, nítorí ohùn rẹ̀ máa ń sá gòkè. "Mo gbà pé ó kórìíra mi ni," ó ní. "Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ẹ̀yin náà wá sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni méjì tí kò mọra wọn kì í pa irọ́ kan náà. Tó bá jẹ́ pé etí mi ló bàjẹ́, ẹ sọ fún mi, kí n dákẹ́. Mi ò ní kọrin mọ́, kódà nínú ilé. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni kí n máa kọ ọ́ kí n má mọ̀."

Ohun tí mo mọ̀ ni bí a ṣe ń wádìí nǹkan. Mo gbé àpótí ohùn kan sórí tábìlì, mo ní kó kọ ohùn kan ṣoṣo, èyí tó bá rọrùn fún un. Ó kọ ọ́. Mo ń yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn méjì bá súnmọ́ ara wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì bára mu, wọ́n á máa mì wọ̀ọ̀-wọ̀ọ̀-wọ̀ọ̀; bí wọ́n ti ń súnmọ́ra sí i ni mímì náà á máa falẹ̀; bí wọ́n bá bára mu tán, á dákẹ́ pátápátá. Nígbà tó dákẹ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú bọ́tìnnì náà, mo pa á.

Mo ní, "Ẹ lọ ra ẹ̀pà wá ní òdìkejì títì."

Ó wò mí bíi pé orí mi kò pé, ó lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, alùpùpù ń fọn fèrè, àwọn oníṣòwò ń ná ọjà ní Haúsá àti Núpé, èmi sì tún tan rédíò mẹ́ta pọ̀ kí etí rẹ̀ lè dàrú nígbà tó bá wọlé. Ó dé, mo pa rédíò, mo ní kó tún kọ ohùn àkọ́kọ́ yẹn. Ó kọ ọ́. Mo tan àpótí. Kò mì rárá. Mo tún rán an lọ ra omi. Kò mì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ní kó ka òǹkà láti ọgọ́rùn-ún padà sẹ́yìn kó tó kọ ọ́. Ó mì díẹ̀, bí èémí kan ṣoṣo, ó dákẹ́.

Mo ní, "Etí yín kò ní nǹkan kan."

Ó ní, "Ẹ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Ìgbà náà ló tó jẹ ẹ̀pà.

Bó ti ń jẹ ẹ́ ni mo bi í ní ìbéèrè tó ti ń rìn mí lára. "Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì yín, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ ni?"

"Rárá, iná ló ń lò. Ó ní mọ́tò nínú, ó máa ń kùn kó tó dún."

"Ọjọ́ wo ni ọ̀gá akọrin máa ń bá yín jà jù?"

Ó ronú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀pà. "Ọjọ́ tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ ni. Mo rò pé ariwo rẹ̀ ló ń bí i nínú."

Nígbà tó lọ tán, mo ṣí ìwé mi. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra mi, oṣù mẹ́wàá ṣáájú, nígbà tí mò ń jí rẹ́kọ́dà yẹn dìde: "Mọ́tò yìí kò ní ohun tó ń di iyára rẹ̀ mú. Iná ló ń tẹ̀lé." Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo gbàgbé rẹ̀. Iná ìjọba máa ń lọ, ó sì máa ń bọ̀ ní ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, mọ́tò á sì máa yí pẹ̀lú rẹ̀ bí ọmọ ogun. Jẹnẹrétọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, á mí kanlẹ̀, á fà sẹ́yìn, mọ́tò á falẹ̀, ohùn téèpù á sì lọ sílẹ̀. Ní àsìkò tíṣà, kò sí ẹni tó lè mọ̀, nítorí ariwo kò ní ibi kan pàtó tó yẹ kó dúró sí. Àfi ìgbà tí ẹni tó ń kọrin lóòótọ́ dé.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n inú mi tún ń dùn, ara mi kò balẹ̀. Mo ní mítà kan tí mo yọ lára jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tó ti jóná, tí mi ò tíì rí ohun tí mo lè fi ṣe. Ahọ́n irin wẹ́wẹ́ mọ́kànlá ló wà lójú rẹ̀, nọ́ńbà wà lábẹ́ wọn, láti márùndínláàádọ́ta dé márùndínlọ́gọ́ta. Iye ìgbà tí iná bá lọ tó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ahọ́n tó ni nọ́ńbà náà nìkan ló máa gbọ̀n, àwọn yòókù á dúró jẹ́ẹ́.

Mo gbé e lọ sí Crusher ní Sátidé. Kò sí iná. Mo ní kí gbogbo wọn wá wò ó. Téèpù ń yí, ahọ́n àádọ́ta ń gbọ̀n. Mo ní kí wẹ́dà gbé ẹ̀rọ fáìlì lé irin. Bó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, jẹnẹrétọ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ahọ́n àádọ́ta dákẹ́, mọ́kàndínláàádọ́ta gbọ̀n, méjìdínláàádọ́ta gbọ̀n, ó bọ́ sórí mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó dúró síbẹ̀. Òkúta tó ń fọ́ lórí téèpù ti lọ sílẹ̀ ní ìdajì ìpele ohùn kan. Wẹ́dà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò, ahọ́n rìn padà sí àádọ́ta. Ó tún gbé e lé e, ó tún gbé e kúrò, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé tó rí fèrè.

Ọ̀gá ní, "Nítorí náà, ilẹ̀ ló ń sún."

Obìnrin náà ní, "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo tún rẹ́kọ́dà yẹn ṣe."

Ọ̀gá ní kí a yọ ẹ̀rọ fáìlì kúrò nínú orin. Wẹ́dà yọ awò rẹ̀. "Kí n wá máa fi eyín yún irin, Ọ̀gá?" Ọ̀gá ní kí a gbé téèpù sórí kásẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń lo òkúta rédíò. Mo ní ohùn rẹ̀ kò ní dé ìdajì gbọ̀ngàn. Ọ̀gá wo ilẹ̀. Mo rí i pé ọkùnrin Kàbbà ti tún ń padà bọ̀ sí i lọ́kàn, nítorí ẹ̀bi lè má sí lọ́dọ̀ obìnrin náà, síbẹ̀ orin náà kò ní ṣe é kọ.

Obìnrin náà ló sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá òun ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró ti ara ògiri. Ẹni tó bá ń gbá òwú mọ́ra pẹ̀lú apásà, igi pẹlẹbẹ yẹn, kì í gbá a ní ìwọ̀n kan náà. Òwú le níbì kan, ó dẹ̀ níbòmíràn. "Ṣùgbọ́n ní ilé wa, orin kì í dúró de ọwọ́. Ọwọ́ ni wọ́n kọ́ pé kó máa tẹ́tí. Bí òwú bá le, ọwọ́ á fi kún agbára, kó lè bá orin níbi tí orin wà. Ẹni tó bá jẹ́ kí orin dúró de òun, wọ́n á ní kó dìde nídìí òfì." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ògiri. "Ta ni ọwọ́ jẹnẹrétọ̀?"

Gbogbo wọn wò mí.

Irin kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ tí a ń tì kó lè sáré sí i. Mo gbé àpótí kan sẹ́yìn rẹ̀, mo jókòó. Nítorí ariwo, mo yọ ike ìgbọ́rọ̀ lára tẹlifóònù àtijọ́ méjì, mo fi rọ́bà inú táyà so wọ́n mọ́ etí mi, mo fa wáyà gba ojú fèrèsé wọlé kí n lè gbọ́ orin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, ẹ̀rín ló pa wá. Èmi ń tẹ̀lé ohùn rẹ̀, òun náà sì ń tẹ̀lé téèpù láìmọ̀, nítorí náà a ń lé ara wa gòkè. Mo ti ń sún mọ́ ahọ́n márùndínlọ́gọ́ta kí wẹ́dà tó sáré jáde wá, ó ní gílóòbù iná ti funfun bí ojú òkú, òun kò fẹ́ bá wa kú. A wá rí ọgbọ́n kan dá sí i: obìnrin náà á kọ ẹ̀yìn sí àpótí tí téèpù ti ń dún, bí ẹni tó ń kọrin nídìí òfì tí kì í wo apásà. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí wẹ́dà bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé irin, mo máa ń gbọ́ ọ nínú ẹ́ńjìnnì kí ohùn tó yẹ̀, màá ti irin náà bí ìbú èékánná kan, ahọ́n àádọ́ta á máa gbọ̀n lọ.

Ọ̀gá ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn ló máa sọ bóyá kí n ránṣẹ́ sí Kàbbà tàbí kí n má ránṣẹ́."

Èmi nìkan ni mi ò rí eré náà. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo wà, láàárín ọ̀sán, ooru odò bo gbogbo ìlú, ẹ́ńjìnnì ń sun mí lórúnkún. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń rí gba ojú fèrèsé ni gílóòbù kan tó so kọ́ sókè pèpéle. Orin méjì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nínú ẹ̀kẹta, orin òfì, wẹ́dà ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé irin, mo ti ti irin mi, ahọ́n wà lórí àádọ́ta, mo mí. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn obìnrin náà tó ń gòkè.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ó ti ṣẹlẹ̀. Lójú gbogbo èèyàn, ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ ti ṣẹ. Ẹ̀rù bà mí fún un. Ṣùgbọ́n kò gòkè bí ẹni tó ṣìnà. Díẹ̀díẹ̀ ni, ó ń dúró lórí ibì kọ̀ọ̀kan kí n lè bá a, bí ẹni tó ń gun òkè tó sì ń bojú wẹ̀yìn. Mo ti irin náà. Ahọ́n mọ́kànléláàádọ́ta gbọ̀n. Téèpù bá a. Ó tún gòkè. Méjìléláàádọ́ta. Gílóòbù tó wà lójú fèrèsé ń mọ́lẹ̀ sí i bí ohùn rẹ̀ ti ń ga, mo sì gbọ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọjá mẹ́tàléláàádọ́ta, mo lè jó ohun gbogbo tó wà nínú ilé náà. Mo dé mẹ́tàléláàádọ́ta. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ fún un. Ó dúró síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di ohùn náà mú, kò mì rárá, bí ọjọ́ tó kọ ọ́ sí àpótí lórí tábìlì mi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, òkúta tó ń fọ́ àti iná àti èmi ń tẹ̀lé e, títí a fi dé àádọ́ta.

Mo bi í nígbà tó yá pé báwo ló ṣe mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó ní òun ń wo gílóòbù, àti pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ọwọ́ ń tẹ́tí.

Bàbá oníṣòwò kan, ará Ìlọrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, wá síbi eré náà nítorí mi. Ó ní, "Ariwo yín yẹn, mi ò mọ ohun tí ẹ fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn mọ ibi tó ń lọ."

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn tíṣà kò padà wá mọ́. Wọ́n ní a ti dẹ̀ jù, pé a ti di ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ ni pé orin wa yí padà. A kò jẹ́ kí téèpù yí ní iyára kan náà mọ́, kódà nígbà tí iná ìjọba bá wà. Jẹnẹrétọ̀ la máa ń tan. Mo ní òǹkà gbogbo orin náà nínú ìwé mi, ibi tó ti ń gbéra àti ibi tó ń dé.

Sátidé tó tẹ̀lé eré, a tún pàdé ní Crusher. Kò sí ẹni tó dárúkọ Kàbbà. Mo ti wà lẹ́yìn ògiri, mo ti so ike mọ́ etí, mo gbọ́ bí obìnrin náà ṣe wọlé. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ló máa ń sọ ibi tí orin yóò ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì bi ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà mo gbọ́ ọ tó ń sọ pé, "Sísí, ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí yín ná." Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá súnmọ́ máìkì, ó sì kí mi sínú etí méjèèjì: "Ọkun o, ọwọ́."

Mo dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gbọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó kọ ohùn kan, mo sì nawọ́ sí irin náà.